Ọjọ́ Mélòó Lẹ Fẹ́ Lò?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé ẹ̀yìn Mọníyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú oyún ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ó sì ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ bí òun bá sọ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ti kàwé jókòó tì í nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù lọ́wọ́, ó ń ka ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù físà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi í ní orúkọ, ó sọ ọ́. Wọ́n bi í ní iṣẹ́, ó ní àgbẹ̀ lòun, òun sì ń yan gààrí. Ìgbà tó kan ọjọ́ tí yóò débẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò padà, ìyá dákẹ́. Ó ṣe díẹ̀ kó tó fèsì: "Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá ní kí n padà ni n ó padà."

"Màmá, wọn ò gba ìyẹn o. Ẹ dá ọjọ́ kan fún mi."

Fọ́ọ̀mù náà kò ní àyè fún ìdáhùn ìyá. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ló ń bèèrè, ní nọ́ńbà.

Ìbéèrè tó pa ìyá lẹ́nu mọ́ yìí ju ọ̀rọ̀ físà lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Ṣé ẹni tó dá ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀ kó tó gbéra kò ti kọjá àyè rẹ̀? Ta ló ni ọ̀la tí ènìyàn fi máa kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì buwọ́ lù ú? Àgbà tó dákẹ́ níwájú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Ó ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dá ọjọ́ tí wọn ò rí.

Síbẹ̀, ìbẹ̀wò ráńpẹ́ sí ìlú ńlá kì í ṣe àjèjì sí ará oko Ìbàdàn. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti sọ Ìbàdàn di ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1829, tí ìlú sì ń gbilẹ̀, onílé méjì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀: agboolé wà láàárín ìlú, abà wà lóko. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́, ògbóǹtarìgì onímọ̀ jọ́gíráfì ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ̀wé nípa ìgbé-ayé yìí ní àwọn ọdún 1960. Ẹni tó ti Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà wọ Ìbàdàn, tàbí tó ti Ẹgbẹ́dá, tàbí tó ti Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, kì í sọ pé òun fẹ́ lọ wo ìlú ńlá. "Mò ń lọ sílé" ni. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta péré nílé, kó padà lọ lo oṣù mẹ́ta lóko, síbẹ̀ ibi ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn ló ń pè nílé. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Lójú àwọn ènìyàn yìí, iye ọjọ́ tí a lò kọ́ ló ń sọ ibì kan di ilé.

Wọ́n sì mọ ọjọ́ dá. Ọdún Òkèbàdàn, ọdún egúngún, Iléyá, ìpàdé mọ̀lẹ́bí, ìsìnkú àgbà: gbogbo rẹ̀ ló ní ọjọ́ tí ará oko gbọ́dọ̀ wọlé, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà kí koríko má baà bo iṣu mọ́lẹ̀. Ọjà oko ń ná ní ọrọọrún. Bí Yorùbá bá sì ń ka ọjọ́, òní wà nínú kíkà: ọjà tó ná lónìí tún ń ná ní ọjọ́ karùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni oòrùn wọ̀ láàárín wọn. Irú kíkà kan náà ló gbé ìsọmọlórúkọ sí ọjọ́ kẹjọ. Ìyá tó dákẹ́ níwájú fọ́ọ̀mù ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dá ọjọ́: ọjọ́ tí yóò hú ẹ̀gẹ́, ọjọ́ tí yóò rin ín, ọjọ́ tí yóò yan án, ọjọ́ tí alájọ ń bọ̀. Kò ka ọ̀kan nínú wọn sí àfojúdi sí Ẹlẹ́dàá. Kí ló wá dé tí ti Melbourne fi di ẹrù?

Ọ̀nà jìn, ìyẹn wà níbẹ̀. Kò sí bàálù tó ń fò tààrà láti Èkó lọ sí Ọsirélíà. Doha, Dubai tàbí Johannesburg ni èrò ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, ó sì ń lò ju odindi ọjọ́ kan lọ lójú ọ̀nà. Aago Melbourne fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣáájú tiwa, ó ń di mẹ́wàá láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá bá ń jókòó fún àsàlátù ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó kéré tán aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù lọ́hùn-ún. Bí ilẹ̀ bá ṣú dáadáa ní Akínyẹlé, ọ̀la tí a ń bẹ̀rù níhìn-ín ti mọ́ fún wọn níbẹ̀, wọ́n ti ń mu tíì òwúrọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìwé ìrìnnà fún un, wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbí. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ti tó ọmọ tó ń ru igbá tẹ̀lé ìyá òun lọ́jà lọ́dún Agbẹ̀kọ̀yà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Àkànràn àti àyíká rẹ̀ bá ìjọba fà á lórí owó orí, ní 1968 sí 1969. Wọ́n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, ọjọ́ kan bá di tirẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ẹni tí wọ́n fi ìbúra fún ní ọjọ́ tó wá sáyé ní ìdí láti fura bí wọ́n bá tún ní kó fọwọ́ sí ọjọ́ tí yóò padà sílé.

Ní ọ̀pọ̀ agboolé agbègbè yìí, mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti onísẹ̀ṣe jọ ń jẹun nínú àwo kan ni. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni ìdáhùn ti ń wá.

Àwọn onígbàgbọ́ á tọ́ka sí ìwé Jákọ́bù, orí kẹrin. Níbẹ̀, àpọ́sítélì bá àwọn oníṣòwò kan wí, àwọn tó ń pinnu ìlú tí wọ́n fẹ́ lọ, iye ìgbà tí wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀, àti èrè tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ ìbáwí náà bí ẹni pé ètò ṣíṣe ni ẹ̀ṣẹ̀. Jákọ́bù kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní kí wọ́n má lọ, kò sì ní kí wọ́n má ka ọjọ́. Ohun tó ní kí wọ́n fi kún un ni ìfẹ́ Olúwa, kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni èémí tó ń mí.

Ti àwọn mùsùlùmí wà nínú súrà kejìdínlógún nínú Àlùkùránì, súrà àwọn ará inú ihò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà lọ́jọ́ Jímọ̀. Nínú ìtàn ìgbésí ayé Ànábì Mùhámmádù tí Ibn Ishaq kó jọ, wọ́n ròyìn pé àwọn kan bi Ànábì ní ìbéèrè, ó ní òun yóò dá wọn lóhùn lọ́la, kò sì fi ìfẹ́ Ọlọ́run kún un. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìmísí fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ sọ̀ kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ọ̀la láìfi ìfẹ́ Ọlọ́run sí i. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ pé Ìnṣáálà.

Ṣùgbọ́n nǹkan tó dára jù nínú súrà náà, ẹsẹ̀ kan tó ṣáájú ló wà, ẹsẹ̀ kọkàndínlógún. Àwọn ọ̀dọ́ tó sùn nínú ihò jí. Wọ́n bi ara wọn léèrè bí wọ́n ti pẹ́ tó. Àwọn kan ní ọjọ́ kan ni, tàbí ààbọ̀ ọjọ́. Ọ̀rúndún mẹ́ta ó lé ọdún mẹ́sàn-án ni súrà náà sọ níwájú. Wọ́n wá gbà pé Olúwa àwọn ló mọ iye rẹ̀. Wọn ò sì jókòó sórí ìyẹn. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n mú owó fàdákà, wọ́n yan ẹnì kan kó wọ ìlú lọ ra oúnjẹ tó mọ́, kó rọra ṣe, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Ẹ wò ó bí ó ti pé: owó wà, ohun tí yóò rà wà, ìwà tí yóò hù láàárín ìlú wà. Ìbẹ̀wò ráńpẹ́ sí ìlú ńlá tí wọ́n ṣètò rẹ̀ dáadáa ni, inú ẹsẹ̀ kan náà tí wọ́n ti fi kíka ọjọ́ fún Ọlọ́run sì ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀kan ń lé èkejì jáde kò tíì ka ẹsẹ̀ náà tán.

Àwọn onísẹ̀ṣe ní tiwọn kì í dá ọ̀nà jíjìn lé láìbi Ifá. Àwọn tí kò sún mọ́ ọn rò pé kí Ifá sọ bóyá kí wọ́n lọ tàbí kí wọ́n jókòó nìkan ni. Ẹbọ ló ń tẹ̀lé ìdáhùn Ifá: ohun tí ènìyàn yóò fi sílẹ̀, ìgbà tí yóò ṣe é, ẹni tí yóò fún. Ìmúrasílẹ̀ sì ni ìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbé ìtàn kan jáde láti inú ẹsẹ̀ Ifá, ìtàn àwọn orí tí wọ́n péjọ láti gbèrò ohun ńlá, tí wọn ò pe ẹsẹ̀ sí ìpàdé. Èrò wọn kò yọrí, nítorí kò sí ohun tí yóò gbé e rìn. Orí ni ìpín tí ẹ̀dá yàn lọ́run. Ẹsẹ̀ ni ìlàkàkà tó ń gbé ìpín náà dé ibi tó ń lọ. Fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò, kò sí ìtàn tó bá a mu tó èyí.

Ó wá ń dunni pé gbólóhùn mímọ́ yìí, "bí Ọlọ́run bá fẹ́", ti di ibi ìsápamọ́sí. Télọ̀ tí kò tíì gé aṣọ á ní ọjọ́ Jímọ̀ ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Bíríkìlà tí kò ní in lọ́kàn láti wá á ní ọ̀la ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Nígbà tí ọjọ́ bá pé tí nǹkan ò ṣe, Ọlọ́run ni wọ́n dá lẹ́bi láìdárúkọ rẹ̀. Ìrìn-àjò ò ní fara mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọsirélíà ń bèèrè ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó ti ilẹ̀ bíi Nàìjíríà wá, ìwé náà kì í sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n gún abẹ́rẹ́. Ẹni tó sọ pé Ọlọ́run á ṣe é, tí kò lọ gbabẹ́rẹ́ títí ó fi ku ọ̀túnla, kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ó fi ẹrù ẹsẹ̀ ru orí.

Ẹ tún wo àpótí ìyá. Ó ṣí sílẹ̀ lórí ẹní, nítòsí ògiri. Aṣọ òtútù tí ọmọ ní kí wọ́n rà fún un ló wà nísàlẹ̀, nítorí oṣù keje tó fẹ́ lọ, tí òjò ń rọ̀ ní Akínyẹlé, àárín òtútù ni ní Melbourne. Lórí aṣọ ni ó to gbogbo ohun tí abiyamọ nílò sí: èlùbọ́, ẹ̀gúsí bíbó, irú tí ó ti yan gbẹ tó sì fi ọ̀rá dì ní ìlọ́po mẹ́ta, ewé àti egbò àgbo tí ó so pọ̀ bí ìdì igi ìdáná kékeré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nínú aṣọ funfun, ni obì, orógbó àti ataare wà fún ọjọ́ kẹjọ.

Kí bàálù tó balẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ó gbé oúnjẹ, irúgbìn, ewé tàbí ohun ẹranko kankan dání. Òfin ibẹ̀ ni kí èrò jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Aṣọ́bodè á wò ó, á dá èyí tó tọ́ padà fún un, á gba èyí tí kò tọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá purọ́ á san owó ìtanràn tó wúwo, wọ́n sì lè fagi lé físà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń ka èyí sí ìwọ̀sí, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe máa tọ́jú orógbó sáàárín ìró.

Àgbẹ̀ Akínyẹlé ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jù. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà bo ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ó ń fa omi ara rẹ̀ mu, ewé ń ká jọ, oko ń bàjẹ́. Ẹrù èrò ni àwọn onímọ̀ fura sí pé ó bá wọlé. Ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kí ènìyàn tó dé Mọníyà, ni Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbógun tì í. Wọ́n mú agbọ́n tín-ín-rín kan wá láti Paraguay, èyí tó ń pa kòkòrò náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sóko ní 1981. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995 nítorí iṣẹ́ yẹn. Gààrí tí ìyá ń yan lónìí jẹ́ ọ̀kan lára èrè rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ẹrù àlejò kan ṣe sí oko rẹ̀ kò ní í fẹ́ ṣe é sí oko ẹlòmíràn. Òótọ́ tí ìyá bá sọ fún aṣọ́bodè níbẹ̀, ìjọsìn ni, ó sì tó bí ìrun Jímọ̀.

Mùsùlùmí ni ìyá, ìrun pàápàá á sì yí i lójú díẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀, gábàsì ló ń kọjú sí, níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ní Melbourne, Mẹ́kà wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí ni yóò máa kọjú sí, láti fi kọjú sí ibì kan náà tó ti ń wò láti kékeré.

Òfin ìrun onírìn-àjò tún jinlẹ̀ ju èyí lọ, ó sì dáhùn ìbéèrè fọ́ọ̀mù físà lọ́nà tí kò sẹ́ni tó retí. Ẹ̀sìn gba arìnrìn-àjò láyè láti sọ ìrun rákà mẹ́rin di méjì. Nínú òfin Málíkì, èyí tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà. Láti abà dé Ọjà'ba láàárín Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀. Bí arìnrìn-àjò bá sì dé ìlú tó pinnu láti lo odindi ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, àǹfààní yẹn tán, yóò máa kí ìrun rẹ̀ pé bí onílé. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí ohun tó bá wá yóò parí, tó ń wí pé òní ni, ọ̀la ni, ní ìdájọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: ó lè máa dín in kù lọ. Ó túmọ̀ sí pé kí ìjọba kankan tó bi ènìyàn ní iye ọjọ́ tó fẹ́ lò, ìrun ti bi í. Ìpinnu ọkàn, tí àwọn aáfà ń pè ní àníyàn, ló ń sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ nílùú tó dé. Lójú òfin Ọsirélíà, àlejò ni ìyá yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójú òfin ìrun, onílé ni.

Físà àlejò tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 600 pè kò béèrè pé kí ènìyàn mọ ọ̀la. Ó béèrè pé kó jẹ́ òótọ́ ló fẹ́ padà. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì, òun gan-an sì ni ìyàtọ̀ tí Jákọ́bù àti súrà náà ń fà síta. Ọ̀la jẹ́ ti Ọlọ́run. Ohun tí ènìyàn gbèrò lónìí jẹ́ ti ènìyàn, ó sì lè jẹ́rìí sí i láìdẹ́ṣẹ̀. Àwọn oníwèé á fẹ́ rí owó báńkì, lẹ́tà ẹbí, ẹ̀rí ilẹ̀. Ìyá ní gbogbo ìyẹn níwọ̀nba. Ẹ̀rí tó lágbára jù tó ní, fọ́ọ̀mù náà kò béèrè rẹ̀: sàréè ọkọ rẹ̀ wà nínú ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri apá ọ̀tún, wọ́n sì ti fi àyè kan sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ abúlé kankan kì í ṣeré níbẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fẹ́ bá lọ sí Èkó, láti ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà, lórí ọ̀nà irin kìlómítà 157 tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021. Ní Agége ni wọn yóò ti sọ̀, ibẹ̀ ló sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá ti béèrè aago tí ọkọ̀ ń gbéra. Nígbà tó ku ọ̀la, aládùúgbò rẹ̀ wọlé wá kí i, ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ní: "Ẹ̀yin ìyá wa, ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dáhùn pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Ìyá ka ọjọ́ lórí ìka, ó fi ọjọ́ tí yóò gbéra kún un, ó ní irọ́ ni, ọjọ́ kejìlélógún lòun ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé aládùúgbò lọ́wọ́. Ó sọ iye poro ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò hú ní ọjà kejì, ó sọ ẹni tí yóò máa fún adìyẹ lómi, ó sì ní kí wọ́n gbá yàrá náà ní ọjọ́ kọkànlélógún, kí wọ́n pọn omi sínú ìkòkò.